Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùtọ́jú Nixpkgs, lórí "bí ó bá wà"

Ẹ̀yin olùtọ́jú Nixpkgs,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú yín kì í gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, pé ìgbà tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ yín dé, tí àwọn ọmọ ti sùn, lẹ tún ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kí irú èmi lè rí nǹkan lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìjà kọ́ ni mo gbé wá. Atẹ̀wé ni mí ní Ìbàdàn. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ni mò ń tẹ̀, NixOS, ẹ̀yà Linux tó ń gba sọ́fúwíà rẹ̀ láti inú àkójọ Nixpkgs yín, ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Orúkọ mi wà lára olùtọ́jú pákéèjì (sọ́fúwíà tí a ti dì fún lílò) kékeré méjì lọ́dọ̀ yín. Ẹ kà mí sí ará ilé, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Gbólóhùn kan tí róbọ́ọ̀tì yín, r-ryantm, máa ń kọ ni mo bá wá.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó máa ka lẹ́tà yìí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Pákéèjì inú Nixpkgs ti ju 100,000 lọ. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè máa ṣọ́ gbogbo wọn. Róbọ́ọ̀tì yìí á lọ wo Repology, níbi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀dà sọ́fúwíà, á lọ wo GitHub, níbi tí kóòdù wọn wà, á rí i pé sọ́fúwíà kan ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Á pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀dà, á pààrọ̀ hash (àmì ìdánimọ̀ fáìlì), á kọ́ pákéèjì náà látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni kọ́lé, á ṣí pull request (ìbéèrè pé kí ẹ gba àyípadà wọlé), á wá pe àwọn olùtọ́jú rẹ̀ lórúkọ pé kí wọ́n wá wò ó. Lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń to ohun tó yẹ̀ wò sí: pé ó kọ́ yọrí lórí NixOS, pé òun rí nọ́ńbà tuntun náà nínú àwọn fáìlì tó jáde, àti pé àwọn ìdánwò tó wà nínú passthru.tests (ibi tí a ń to ìdánwò pákéèjì sí), bí ó bá wà, yege.

Bí ó bá wà.

Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí ojú mi fi ń fò ó kọjá. Ọjọ́ kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró tì í. Ó dà bí ọmọ tó mú èsì ìdánwò wálé tí wọ́n kọ sí i pé gbogbo iṣẹ́ tó jókòó ṣe ló yege. Ìyá rẹ̀ ti so gèlè, ó ti fẹ́ máa jó. Kò tíì béèrè iye iṣẹ́ tí ọmọ náà jókòó ṣe. Bí kò bá sí ìdánwò kankan nínú pákéèjì, ìlà yẹn á ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "yege" á sì ṣì wà lára rẹ̀. Olùtọ́jú tí oorun ń kùn yóò rí "yege".

Níbi tí ìdánwò bá wà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Èyí tí mo máa ń bá pàdé jù ni testers.testVersion. Á pe sọ́fúwíà náà pẹ̀lú --version, á wò ó bóyá nọ́ńbà tó dáhùn bá èyí tó wà nínú fáìlì yín mu. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni versionCheckHook. Tó bá jẹ́ ti èdè Python, pythonImportsCheck ni: ṣé import rẹ̀, ìyẹn pípè é wọlé, ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ó parí.

Kíkí la kàn ń kí i yẹn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹ bá bi í pé "Ṣé àlàáfíà ni?", "A dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ni yóò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má kí i o. Bí library kan tó gbára lé bá sọnù, sọ́fúwíà náà ò ní lè dáhùn rárá, testVersion á sì mú un. Àmọ́ ẹni tó dáhùn kíkí kọ́ ni ara rẹ̀ yá.

Àwọn ìdánwò tí àwọn tó kọ sọ́fúwíà náà kọ fúnra wọn tún wà. stdenv.mkDerivation, ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ pákéèjì, kì í ṣe wọ́n àfi bí ẹnìkan bá tan doCheck, àṣẹ tó ń mú wọn ṣiṣẹ́. Ti èdè Go àti ti Rust máa ń ṣe wọ́n láìjẹ́ pé a sọ, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú sandbox, àhámọ́ tí Nix ti ń kọ́ pákéèjì, ìdánwò tó bá fẹ́ pe ìta á kùnà, ẹni tó ti rẹ̀ á kọ doCheck = false, á sì lọ sùn. Èmi náà ti kọ ọ́ rí. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta mí lára.

Distro (ẹ̀yà Linux) mìíràn ni mo ń lò tẹ́lẹ̀; mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó máa ń ṣe update fúnra rẹ̀ lóru. Èmi ni mo tan án bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ààbò ni. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìdílé kan ń bọ̀ wá gba ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn, 300 ẹ̀dà. Mo ti to gbogbo rẹ̀ tán ní alẹ́ Ọjọ́rú, mo ti wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ó dára. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fi í sẹ́nu ẹ̀rọ ní ìdájí. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti fi pín-ìn-nì kàn án, ó tò ó sórí tábìlì gẹrẹrẹ. Mo mú ọ̀kan. Lójú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí a kọ "Ìyá wa ọ̀wọ́n" sí, àmì tó yẹ kó wà lórí ọ àkọ́kọ́ ti sún lọ sórí w. Ti ọ kejì wà lófuurufú lẹ́gbẹ̀ẹ́ n, kò mọ ẹni tó ni ín. Nínú oríkì tó wà lójú ìwé kẹta, àfi bí ìgbà tí èèrà ya bo ọ̀rọ̀. À, ì àti ó jókòó síbi tó yẹ wọ́n. Àwọn lẹ́tà tó lámì lókè tó tún lámì nísàlẹ̀ nìkan ló dàrú.

Àkọ́bí màmá náà mú ìwé kan, ó wò ó pẹ́. Kò pariwo. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé orúkọ màmá mi nìyí?"

Owó ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ó lè má yé ẹni tí èdè rẹ̀ kì í lámì, nítorí náà kí n ṣàlàyé. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní ààyè kan fún ọ, U+1ECD. Ó ní ààyè kan fún ò, U+00F2. Kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ọ̀. Méjì ni lẹ́tà yẹn nínú fáìlì: ọ, lẹ́yìn náà U+0300 tó máa gùn ún. Sọ́fúwíà tó ń to lẹ́tà, HarfBuzz lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń gbé èkejì gun èkíní, inú fọ́ǹtì ló sì ti ń wo ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí fọ́ǹtì ò bá sọ fún un, yóò ṣáà fi nǹkan kan hàn yín. Kò ní kú. Kò ní ké. Exit code 0, àmì pé iṣẹ́ yọrí, ni yóò fún yín, pẹ̀lú orúkọ olóògbé tó ti wọ́.

Nígbà tí mo wá a dé ìdí, fọ́ǹtì ni. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ti sọ ibi ìjókòó àmì nù fún ẹ àti ọ. Ta ló máa ń dán fọ́ǹtì wò? Fọ́ǹtì ò ní --version.

Bí mo ṣe kó wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ohun tó fà mí ni pé bí òru bá ba nǹkan jẹ́, mo lè yan ti àná lórí mẹ́nù kí ẹ̀rọ tó tàn tán. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí kò mọ Nix rárá mọ bí a ṣe ń yan ti àná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni rollback, ìpadà sí ti àná yìí, ń dá padà. Ìwé tí a ti tẹ̀, tí wọ́n ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí mẹ́nù tó lè dá a padà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ńlá náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2022, update ààbò kan fún systemd, sọ́fúwíà tó ń darí àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, ẹ̀dà 237-3ubuntu10.54, wọlé fúnra rẹ̀ sórí àwọn ẹ̀rọ Ubuntu 18.04. Lórí Azure, kọ̀ǹpútà àyálò Microsoft, ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó gbà á kò rí DNS, ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, lò mọ́. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, iná ń tàn, àmọ́ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Títan ẹ̀rọ náà padà ló ń yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá bi systemd ní ẹ̀dà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀dà tó tọ́ ni ì bá sọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn: ìdánwò ò gba gbogbo ayé là. Ẹ máa dárúkọ xz, sọ́fúwíà tó ń fún fáìlì pọ̀, fún mi, ẹ sì máa jàre. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tó wà lára àwọn tó ń kọ database PostgreSQL, fi tó gbogbo ayé létí pé ẹnìkan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè lè gbà wọlé sínú xz 5.6.0 àti 5.6.1. Ibo ni wọ́n kó o pamọ́ sí? Inú àwọn fáìlì ìdánwò ni! Fáìlì tí wọ́n pè ní ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ kí a lè fi dán xz wò. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i wà nínú tarball, àpò kóòdù tí wọ́n gbé jáde, kò sí nínú git, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ka kóòdù náà. Nínú àwọn distro, Debian sid gbà á wọlé, Fedora Rawhide gbà á, openSUSE Tumbleweed náà gbà á. Gbogbo àmì aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé ìdánwò yege ló tàn. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni pé Freund ń wọn iṣẹ́ kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá rí i pé sshd, sọ́fúwíà tí a fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹlòmíràn á ní nẹ́tíwọ́kì ni.

5.6.1 yẹn dé nixos-unstable, ẹ̀ka NixOS tó ń kọ́kọ́ gba ohun tuntun, náà. Kò jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín, torí pé kóòdù náà kọ́kọ́ ń wò ó bóyá deb tàbí rpm, irú pákéèjì ti Debian àti ti Fedora, ni wọ́n ń kọ́ kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Orí ló kó wa yọ. Àmọ́ xz wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo, dídá a padà túmọ̀ sí kí ẹ tún nǹkan tó pọ̀ jù lọ nínú Nixpkgs kọ́, kò sì sí bí ìyẹn ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀ yín pé kí ẹ sáà máa to ìdánwò jọ. Freund kò kí xz. Ó ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó, ó mọ bó ṣe yẹ kó rí lára. Ìdánwò tí mò ń wí ni èyí tó lo nǹkan bí ẹni tó ni ín ṣe ń lò ó, kódà kó kéré bí ọmọ ìka.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, àwọn ará Debian ti ní in. Lọ́dọ̀ wọn, pákéèjì kì í ti unstable, ẹ̀ka tó ń kọ́kọ́ gbà á, wọ testing, ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ tó dé. Ó máa ń dúró, ọjọ́ 5 lọ́pọ̀ ìgbà; bí autopkgtest rẹ̀ (ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún pákéèjì tí a ti fi sórí ẹ̀rọ) bá yege, ìdúró náà á dín kù; bí ó bá ba ìdánwò pákéèjì mìíràn jẹ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò wà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wù mí jù. Ohun tó wù mí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fàyè gbà nínú debian/tests/control, fáìlì tí wọ́n ti ń to ìdánwò: superficial. Oréfèé. Ẹni tó kọ ìdánwò náà ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé oréfèé ni, pé bí ó bá yege, kí ẹ má tíì jó. Bí ó bá kùnà, wọ́n á kà á sí ìkùnà tòótọ́. Bí ó bá yege, wọn ò ní kà á mọ́ àwọn tó ń jẹ́ kí pákéèjì yára wọlé. Olùtọ́jú kò pàdánù nǹkan kan, kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́.

Ẹ fún wa ní oréfèé ní Nixpkgs. Kí testVersion, versionCheckHook àti pythonImportsCheck jẹ́ oréfèé láti ìpìlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Kí r-ryantm ka ohun tó bá níbẹ̀, kó sì sọ ọ́ gbangba: ìdánwò tòótọ́ mẹ́ta ló yege, tàbí, oréfèé kan ló yege, tàbí, kò sí ìdánwò kankan. Ẹ yọ "bí ó bá wà" kúrò. Kò ní gba ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ kan láti ṣe.

Ó ku róbọ́ọ̀tì kejì, èyí tó ń gba pull request r-ryantm wọlé nígbà tí olùtọ́jú pákéèjì náà bá pa á láṣẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí irú èmi tí kò ní àṣẹ commit, ìyẹn àṣẹ láti kọ nǹkan sínú Nixpkgs tààrà, lè tọ́jú nǹkan tirẹ̀ láìyọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ṣe. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, à ń lọ sí Dùgbẹ̀, fóònù mi dún: r-ryantm ń pè mí. Mo ṣí i, aláwọ̀ ewé ni gbogbo àmì. Ṣé mo ka ìwé àlàyé ẹ̀dà tuntun náà? Rárá. Mo pàṣẹ, ó wọlé kí a tó dé ọjà. Nínú ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ti yí orúkọ kan padà nínú fáìlì config, fáìlì ètò rẹ̀. Sọ́fúwíà náà ń tàn, ó kàn ń gbójú fo gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti ṣètò sínú rẹ̀. Ẹnìkan láti òkèèrè ló kọ̀wé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn ètò òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, bóyá òun ló ṣì í ṣe. Ojú tì mí. Èmi ló ṣì í ṣe. Bí róbọ́ọ̀tì náà bá ti bi mí pé, "Oréfèé nìkan ló wà níbí, kí lo fúnra rẹ dán wò?", tó sì ní kí n kọ ìlà kan kí òun tó gbà á wọlé, irọ́ ni ǹ bá pa tàbí kí n dúró dìgbà tí mo bá délé. Mo rò pé ǹ bá dúró.

Ẹlòmíràn nínú yín á ní èyí máa fa àtúnṣe ààbò sẹ́yìn. Òótọ́ ni, fún ìyẹn, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀. Àtúnṣe ààbò lè kọjá, kí àmì oréfèé rẹ̀ sáà wà lára rẹ̀ kí a mọ ibi tí a máa wò bí nǹkan bá yí. Ẹlòmíràn á ní nixos-unstable kì í kúkú sún síwájú àfi bí job (àkójọ àyẹ̀wò) tí ẹ pè ní tested bá yege. Mo mọ̀, mo máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi: QEMU ń tan odidi ẹ̀rọ àfarawé nínú kọ̀ǹpútà, ó ń wọlé bí èèyàn, ó ń dán installer wò, ó ń dán openssh wò. Àmọ́ nínú pákéèjì tó ju 100,000 lọ, èyí tí ẹ̀rọ yẹn ń fọwọ́ kàn kò tó nǹkan. Fọ́ǹtì tí mo fi ń tẹ̀wé kò sí lọ́nà ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ pa r-ryantm o. Bí kò bá sí òun, pákéèjì mi méjèèjì ì bá ti di àpatì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ohun tí a ní kó sọ ni kò pé.

Torí pé ẹnu nìkan kọ́ ni mo gbé wá, mo ti kọ ọ̀kan. Ó wà fún fọ́ǹtì mẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù mi ń lò. runCommand (àṣẹ Nix) kékeré ni nínú passthru.tests: á fún hb-shape, irinṣẹ́ HarfBuzz, ní fọ́ǹtì náà àti ọ̀rọ̀ kan, "ọ̀wọ́n", á gba orúkọ àwọn glyph (àwòrán lẹ́tà) àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí, á fi wọ́n wé ìlà tí mo ti fojú ara mi yẹ̀ wò lórí ìwé. Bí .notdef, àmì lẹ́tà tí fọ́ǹtì kò ní, bá yọjú, á kùnà. Bí àmì bá sún kúrò níbi tí mo fi í sí, á kùnà, kí èèyàn kan lè wá wò ó. Kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, kò sì gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo yan "ọ̀wọ́n", ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ èdè Vietnam lè fi tirẹ̀ kún un, àmì tiwọn náà máa ń gun ara wọn.

Màá ṣí pull request rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí bí iná bá dúró. Orí ẹ̀rọ x86_64 (irú Intel àti AMD) nìkan ni mo ti lè dán an wò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ẹ̀rọ aarch64 (irú ARM), ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é níbẹ̀ kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí síbẹ̀, kódà bó bá kùnà.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn